Ìpàdé Tí Méyọ̀ Gbàgbé Láti Kádìí

Ambrose Tuffin ló ń gbé ọ̀pá àṣẹ ìlú Sedgecombe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí méyọ̀ bá ń wọ gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀, òun ló ń ṣáájú, ọ̀pá fàdákà ní èjìká, gbogbo kánsẹ́lọ̀ á sì dìde. Á gbé e sórí tábìlì, á lọ jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń gbé ọ̀pá kì í sọ̀rọ̀ nínú ìgbìmọ̀. Bí méyọ̀ ò bá sì tíì ní, "Mo kádìí ìpàdé," ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé ọ̀pá náà kúrò. Bí bàbá rẹ̀ ṣe fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́ nìyẹn.

Ní ọdún 1974, òfin dé láti Lọ́ńdọ̀nù pé kí àwọn ìlú kéékèèké fi ìṣàkóso wọn sílẹ̀ fún àgbègbè ńlá. Ìgbìmọ̀ Sedgecombe jókòó fún ìgbà ìkẹyìn. Nígbà tó yẹ kí Méyọ̀ Enid Garland, ìyá àgbà tó ń ta bàtà, kádìí ìpàdé, ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó fi áńkáṣíìfù bojú, ó jáde, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e lọ mu tíì. Ambrose wo ọ̀pá lórí tábìlì, ó rí i pé ìpàdé ò tíì parí. Inú rẹ̀ dùn, kí n má parọ́.

Láti ìgbà náà, ibẹ̀ ló ń jókòó lójoojúmọ́. Oòrùn á gba ojú fèrèsé aláràbarà wọlé, eruku á máa fò nínú rẹ̀ jẹ́jẹ́, òògbé á sì gbé e lọ. Á rí àwọn kánsẹ́lọ̀ ayé àtijọ́ lórí ìjókòó wọn, oníṣòwò irun àgùntàn àti apọntí, tí wọ́n ń jiyàn nítorí ẹlẹ́dẹ̀ tó ń jẹ̀ kiri ọjà. Dulcie ìyàwó rẹ̀ ní ó ti dà bí ajá tó ń ṣọ́ ilé tí onílé ti kó kúrò níbẹ̀.

Nígbà tó yá, Ọ̀gbẹ́ni Pruett, akọ̀wé àgbègbè, gbé àpótí wá láti gbé ọ̀pá náà lọ. Ambrose ní ìpàdé ń lọ lọ́wọ́.

"Ìgbìmọ̀ tí òfin ti tú ká, Bàbá? Ta wá ló ń ṣèpàdé?"

"Àwọn náà ni, sà. Wọ́n kàn jáde lọ mu tíì ni."

Pruett ò bá a jà. Ó lọ bẹ Ìyá Garland kó wá kádìí ìpàdé náà kí ó tán. Ìyá wá, òun àti àwọn kánsẹ́lọ̀ tó wà nílé. Ó jókòó, ó sì béèrè, bí àṣà, bóyá ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù.

Ambrose dìde lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Ó kù, mà. Bàbá mi gbé e, èmi náà gbé e. Bí wọ́n bá gbé e lọ, mi ò mọ ẹni tí mo jẹ́ mọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Garland wò ó títí, omi sì lé sí i lójú.

"A ti gbọ́, Ambrose," ló wí. "Jókòó. Kì í ṣe ibẹ̀ yẹn o. Máa bọ̀ láàárín wa."

Ó fa àga kánsẹ́lọ̀ kan jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ó dúró títí Ambrose fi jókòó dáadáa, kó tó wá kádìí ìpàdé.