Ẹni Tí Wọ́n Ní Ó Ń Jí Dátà

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Fọláyẹmí fi gbé lọ́dọ̀ Màmá Dinah ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ló gbé ọmọ náà wá láti Iresi. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti pàdé, Màmá sì ní kó wá máa sùn ní yàrá tí Bólúwají, ọmọ òun kan ṣoṣo, fi sílẹ̀ nígbà tó lọ sí Kánádà. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá, opó sì ni. Nígbà tí làkúrègbé bá dè é mọ́lẹ̀, Fọláyẹmí ló ń fi òróró ra á lẹ́sẹ̀. Òun ló ń ka Bíbélì sí i létí. "Màmi" ló ń pè é, ó sì máa ń dà bíi pé òun ló bí i lóòótọ́.

Kérésìmesì tó kọjá, Bólúwají wálé. Ó ra ráútà, ẹ̀rọ kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, kí òun àti ìyá òun lè máa rí ojú ara wọn. Ó ku ọ̀la kó padà ló tún kan kámẹ́rà méjì mọ́ ara ilé, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, nítorí olè. Láti ọ̀hún ló ti ń ra dátà.

Kò pẹ́ tí wàhálà fi dé. Dátà tó yẹ kó tó oṣù kan lò, kò pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tó fi tán. Ó ra òmíràn, kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Bólúwají pe ìyá rẹ̀.

"Màmi, ta ló ń wo fíìmù nínú ilé yẹn?"

"Èmi àti Fọláyẹmí nìkan la wà ńbẹ̀."

"Ẹ bi í léèrè, ẹ̀yin náà. Nǹkan yìí ti pọ̀ jù."

Màmá kò bi í. Ńṣe ló ń ṣọ́ ọ. Bó bá ti rí fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, á máa yọjú wo ohun tó ń fi í ṣe. Lọ́sàn-án Sátidé kan, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe ìpàdé ní pálọ̀, Fọláyẹmí gbé omi wọlé fún wọn, fóònù rẹ̀ wà ní abíyá. Màmá kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu òun.

"Fọláyẹmí, dátà tí ò ń jí nínú ilé yìí, ta lò ń tà á fún?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀.

"Màmi, mi ò jí nǹkan kan. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fún wa níléèwé nìkan ni mo fi ń ṣe. Ẹ gba fóònù mi, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò."

"Kí ni n óò yẹ̀ wò? Ṣé ẹ̀mí àìrí ló ń lò ó ni?"

Fọláyẹmí dìde, ó pín omi náà kan gbogbo wọn, ó wọ yàrá lọ. Kí ìpàdé tó tú, ó ti di ẹrù rẹ̀. Ó dúpẹ́ ọdún mẹ́ta. Màmá ń wo ojú fèrèsé títí ó fi gbé ẹrù náà jáde.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, dátà tún tán.

Ni Màmá bá ránṣẹ́ pe Akínlabí, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí ọjà. Akínlabí yí páswọ́ọ̀dù padà kí gbogbo ohun tó so mọ́ ráútà lè já, ó wá ń dá wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wo iye dátà tí ẹ̀rọ náà ń kà. Ó dá fóònù Màmá padà, ìṣirò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. Ó dá kámẹ́rà kan padà, ìṣirò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

"Kámẹ́rà yìí ni, Màmá. Tọ̀sán-tòru ló ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí Kánádà."

"Kò sí ẹlòmíràn tó ń lò ó?"

"Fóònù kan wà lákọsílẹ̀ níbí tẹ́lẹ̀, Fọláyẹmí ni wọ́n pè é. Èyí tó lò látọjọ́ yìí ò tó nǹkan rárá."

Màmá fi gèlè bojú. Nígbà tí Bólúwají gbọ́, ó ní kí wọ́n bá òun bẹ ọmọ náà.

"Ìwọ kọ́ lo pè é lólè," ni Màmá wí.

Lọ́jọ́ kejì ó wọ takisí dé Ọ̀tan Ayégbajú, ó gun ọ̀kadà dé Iresi. Hadassah, ìyá Fọláyẹmí, ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Bó ti rí Màmá, ó kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́.

"Ẹ ṣeun tí ẹ gbà á sílé látọjọ́ yìí, mà. Ó ní àlejò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ fẹ́ lo yàrá."

Ọmọ náà ti bò ó láṣìírí. Màmá fúnra rẹ̀ ló ní láti ka ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ fún obìnrin tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Hadassah dìde díẹ̀díẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni Fọláyẹmí ti oko dé. Ó fetí sílẹ̀ títí Màmá fi bẹ̀bẹ̀ tán.

"Mo ti dárí jì yín, mà. Àwọn tó gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

"Màá sọ ọ́ lójú gbogbo ìjọ."

"Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mi ò lè sun yàrá yẹn mọ́."

Màmá sọ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ń sunkún lórí ìdúró. Àwọn kan gbà á gbọ́. Àwọn kan ní ìyá arúgbó kàn ń ṣàánú ọmọ ni. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ kan ní Ọ̀tan ni Fọláyẹmí ti ń lọ síléèwé báyìí. Òun àti Màmá máa ń pàdé ní gáréèjì nígbà mìíràn. Á kúnlẹ̀, á kí Màmá, á béèrè àlàáfíà rẹ̀, á sì wọ mọ́tò. Màmá á dúró síbẹ̀ títí mọ́tò náà á fi kún, tí á fi gbéra.