Wọ́n Ní Kí Veronica Má Jó ní Imeri

Bí wọ́n bá ní obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú kò gbọdọ̀ jó títí ọdún á fi yí po, kí ni wọ́n ní kí ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú ṣe? Ìbéèrè tí Veronica bi ẹbí ọkọ rẹ̀ nìyẹn, tí àwọn àgbàlagbà ń wojú ara wọn bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá mọ́. Ẹ gbà mí o! Ìbéèrè tí ọmọdé lè dáhùn, odindi ẹbí kò rí i dáhùn.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni Veronica, ilé Kátólíìkì ni wọ́n bí i sí. Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ni bàbá rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rò nínú wọn pé ijó ni ọmọ yìí máa jó jẹun. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti gbélẹ̀. Bí wọ́n bá rán an lọ ra epo, á jó lọ, á jó bọ̀, ìdajì epo á sì ti dà sójú ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ nà án títí ó fi sú u. Nígbà tí Adégbénga, tó ti kọ́ṣẹ́ ijó l'Ékòó, padà wálé wá dá ẹgbẹ́ oníjó sílẹ̀ l'Ọ́wọ̀, tó ní báléètì lòun fẹ́ kọ́ àwọn ọ̀dọ́, ìyẹn ijó tí wọ́n ń fi ara sọ ìtàn láìla ẹnu, Veronica wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Àwọn ará àdúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Vero, ṣé orí ìka ẹsẹ̀ lo máa fi rìn délé ọkọ ni?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ibẹ̀ náà ló sì ti rí ọkọ.

Babátọ́pẹ́ lorúkọ ọkọ náà, ọmọ Imeri, tíṣà ìṣirò. Ó kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá wo ijó lọ́jọ́ kan, ó sì gbàgbé àwọn ọmọ ọlọ́mọ sínú gbọ̀ngàn, ó lọ dúró de Veronica lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Wọ́n fẹ́ ara wọn, wọ́n bí Moyinolúwa. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dá, ẹgbẹ́ náà á jó l'Ọ́wọ̀, wọn á wá máa lọ láti ìlú kékeré kan dé òmíràn. Láàárọ̀ wọn á kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé níjó, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ wọn á jó ní pápá fún gbogbo ìlú lọ́fẹ̀ẹ́. Babátọ́pẹ́ kì í ṣàìtẹ̀lé wọn. Ohun kan ló ń dùn ún. "Gbogbo ayé ti rí ọ tán, Vero. Àwọn ará ilé mi nìkan ni kò tíì rí ọ." Ó lọ bá ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú Imeri, wọ́n ní àwọn kò lówó, ó padà lọ, wọ́n ní kó fún àwọn láyè, ó tún lọ. Lọ́dún kan, wọ́n gbà, wọ́n fi ijó náà sí ọjọ́ ìlú. Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. Kí òjò ọdún náà tó dá, àìsàn ọjọ́ díẹ̀ gbé e lọ.

Veronica ṣe opó. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò ṣe é o! Ó wọ dúdú, ó bọ́ yẹtí, ó jókòó sínú yàrá kan ní Imeri fún ogójì ọjọ́, oúnjẹ tí wọ́n bá gbé fún un ló ń jẹ. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kò rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni omi ojú. Ẹkún náà há sí i láyà, kò jáde. Àwọn ìyàwó ilé ń yọjú wò ó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹnu pé ọkàn rẹ̀ le, pé ó jọ pé kò fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ó gbọ́ ọ, ó gbé e mì.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ ó padà sẹ́nu iṣẹ́, nínú aṣọ dúdú. Adégbénga fúnra rẹ̀ ló wá bẹ̀ ẹ́, nítorí Veronica ló di "Afárá Ọ̀sẹ̀" mú, ijó tí wọ́n fẹ́ jó lọ́dún náà. Ìtàn obìnrin kan ni, tí àgbàrá gbé afárá ìlú wọn lọ, tó wá ń pọn àwọn èèyàn kọjá odò Ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ rẹ̀ ló gbẹ̀yìn, òun náà sì ni odò gbé lọ. Wọ́n jó o l'Ọ́wọ̀, àwọn èèyàn dìde dúró. Wọ́n jó o ní ìlú Upenmen, àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko ẹ̀gẹ́ dé gun orí bẹ́ǹṣì kí wọ́n lè rí i. Àbí kí opó wá pa iṣẹ́ rẹ̀ tì ni? Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ṣùgbọ́n aláṣejù kan ti fi fóònù ká a sílẹ̀, ó fi ṣọwọ́ sórí Wasáàpù àwọn ará Imeri.

Ni Akínwọlé, bàbá Rufus, bá gbéra, ẹ̀gbọ́n Babátọ́pẹ́, olórí ẹbí. Ó dé gbọ̀ngàn ìdánrawò l'Ọ́wọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá àti fìlà. Veronica kúnlẹ̀ kí i.

"Ìyàwó, ara àbúrò mi kò tíì tutù tán nílẹ̀, o ti ń gbé ẹsẹ̀ sókè kiri."

"Bàbá Rufus, ẹ má bínú, sà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kí àbúrò yín tó fẹ́ mi ni."

"Ijó niṣẹ́?" Kò dúró gbọ́ èsì, ó kọjú sí Adégbénga. "Èmi ni alága ọjọ́ ìlú. Bí obìnrin yìí bá fi ẹsẹ̀ kan jó lórí pápá Imeri, ẹ máa kó ẹrù yín padà sínú ọkọ̀."

Adégbénga, ẹni tó máa ń jágbe mọ́ oníjó tí ilé á máa mì, ó di ẹni tó ń fọwọ́ ra ọwọ́. "Kò sí wàhálà, bàbá." Bí Akínwọlé ṣe jáde, ó ní, "Vero, Praise á bọ́ sí ipò rẹ, ìwọ á bá wa mójú tó aṣọ. Ìlú kan péré ni."

Ìlú kan péré! Ìlú tí Babátọ́pẹ́ tọrọ bí ẹni tọrọ ọmọ! Inú bí Veronica. Ohun tó sì ń bí i nínú jù ni pé ta ló wá ń ṣòfin fún un? Olúfúnmilọ́lá, ìyàwó Akínwọlé, kú nínú ọyẹ́ tó kọjá. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, Akínwọlé ti gba oyè, ó wọ léèsì funfun, ó jó yí ìlú po. Veronica wà lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ náà, ó ń fọ abọ́ pẹ̀lú àwọn ìyàwó ilé, nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bèèrè pé ṣé kò yá jù. Àwọn ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọkùnrin kì í ṣopó.

Ó wọkọ̀ lọ sí Imeri, ó kúnlẹ̀ láàárín ẹbí, ó bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Akínwọlé àti Babátọ́pẹ́, wolẹ̀. Akínwọlé ní ẹnu ìyàwó yìí ti gùn jù.

Ọjọ́ pé. Pápá kún, àwọn àlejò wà lábẹ́ kánópì, orin ń dún nínú sípíkà. Veronica wà lẹ́yìn aṣọ títa, nínú dúdú rẹ̀, ó ń bá Praise, oníjó tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, di ìgbànú. Ọmọ náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ gba ipò yín." Veronica ní kó dákẹ́, pé kò ṣẹ òun.

Ìgbà náà ni olùdarí ètò pariwo nínú gbohùngbohùn pé alága ni yóò kọ́kọ́ fi ijó ṣí pápá. Akínwọlé dìde. Ó gbọn agbádá sẹ́yìn, ó tẹ̀ sí ọ̀tún, ó tẹ̀ sí òsì, ó rọra jókòó sínú ijó, àwọn èèyàn ń hó. Ó ń rẹ́rìn-ín. Veronica rí ẹ̀rín yẹn. Ó sọ ìgbànú sílẹ̀, ó jáde sí gbangba, ó lọ dúró níwájú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

"Bàbá Rufus, ẹ kú ijó o. Ẹ jẹ́ ká jọ jó o. Ìyàwó yín kú, ọkọ mi kú. Opó ni wá, àwa méjèèjì."

Olùdarí ètò wà nítòsí pẹ̀lú gbohùngbohùn rẹ̀, gbogbo pápá ló gbọ́ ọ. Orin dákẹ́. Akínwọlé ní, "Ẹ mú un kúrò níwájú mi!" Àwọn géńdé méjì dìde.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án." Ìyá Àgbà ni. Wọ́n fà á dìde láàárín àwọn obìnrin, ó tẹ̀pá wọ àárín pápá. "Akínwọlé, ọdún Fúnmilọ́lá kò tíì pé títí di òní tí o ń jó yìí. Mo mọ̀ ọ́n, mo panu mọ́. Èmi náà ṣopó bàbá yín, mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Yálà kí o lọ wọ dúdú, tàbí kí o fi ìyàwó ọmọ mi sílẹ̀."

Ariwo sọ láàárín àwọn obìnrin. Akínwọlé wo kánópì, ó wo àwọn àlejò, kò rí ojú tó gbè é. Ó fa agbádá mọ́ra, ó lọ jókòó.

Veronica kọjú sí Adégbénga. "Ẹ tan orin Afárá Ọ̀sẹ̀." Ọ̀gá náà tún ń yọ́jú wo alága. "Ẹ má wojú wọn," ni Veronica wí. "Èmi ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀."

Ó tan án. Veronica jó o nínú aṣọ dúdú, ó ń pọn wọ́n kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó débi tí obìnrin náà ti yíjú padà, tí kò rí ọkọ rẹ̀ mọ́ lójú omi, ó wólẹ̀ lórí eékún, ó ké. Kò sí igbe nínú ijó yẹn. Wọn kì í lanu nínú báléètì. Ó ké "Babátọ́pẹ́!", omi ojú tí kò jáde nínú yàrá opó sì dà sílẹ̀, lójú gbogbo àwọn tó ní kò fẹ́ràn ọkọ rẹ̀.