Rédíò Dákẹ́ Láàrin Bàbá Mi àti Ọ̀rẹ́ Wọn

Ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa láìpẹ́ yìí. Ó ti rẹ̀ mí o, torí náà ẹ má retí gírámà.

Bàbá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Kettering, ní Amẹ́ríkà níbí. Inú ọkọ̀ òkun ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ nígbà ọ̀dọ́ wọn. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, Bàbá Láyí nìkan ló kù, wọ́n ń gbé létí òkun ní England. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú wọn, wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Báwo làwọn méjèèjì wá ṣe ń kí ara wọn? Rédíò ni. Tí mo bá ti dé láti òtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní National Harbor, màá pe Bísí, ọmọ Bàbá Láyí, lórí fóònù. Á gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò bàbá rẹ̀, àwọn àgbà méjèèjì á jọ gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́ tí wọ́n ń kà fáwọn atukọ̀. Orí long wave ló ti ń wá, ìgbì rédíò àtijọ́ tó máa ń rin ọ̀nà jíjìn. Tó bá parí, Bàbá á ní, "Láyí, ó dàárọ̀ o." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí n má parọ́, ó máa ń sú mi. Ẹni tó ti wà lórí ìdúró látàárọ̀, ṣé atẹ́gùn orí òkun ló kàn án?

Ìgbà tó yá, Bísí ní wọ́n fẹ́ pa long wave náà, pé ẹ̀rọ rẹ̀ ti gbó, iná tó ń jẹ sì pọ̀ jù. Ètò yẹn ṣì máa wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n tó bá ti gbé app jáde, ṣe ni Bàbá Láyí ń ti fóònù dànù. Rédíò yẹn nìkan lọwọ́ wọn mọ̀.

Ohun tí Bàbá tèmi béèrè yàtọ̀. "Ọ̀nà ìgbì tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀ yẹn ńkọ́? Ta ni wọ́n máa fún?"

Mi ò mọ̀. Mo bi Brother Dèjì, engineer kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní District Heights. Ó ní àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ò fẹ́ ẹ, torí àyè ibẹ̀ kéré, òpó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ga fíofío. Bóyá àwọn tó ń fi ìgbì darí aago á lò ó, bóyá àwọn tó ń fi rédíò ṣeré. Bóyá á kàn ṣófo bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pa á, mo pè. Ariwo "ṣáá" nìkan la gbọ́. Bísí ní òun fẹ́ pa rédíò, bàbá òun di òun lọ́wọ́ mú. Mo ń retí kí Bàbá ní ó dàárọ̀, kí n lè lọ sùn.

Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Láyí, wọ́n ní kò tíì sẹ́ni tó fẹ́ ọ̀nà ìgbì yẹn o."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọ̀gá ọkọ̀ kan tó máa ń jí ẹran jẹ nínú ìkòkò wọn. Lódìkejì fóònù, mo gbọ́ ohun kan tó ń dún bí ikọ́. Àṣé Bàbá Láyí ló ń rẹ́rìn-ín. Bísí bú sẹ́kún.

Ohun tí mo rí kọ́ ò pọ̀: ẹni tí kò lè dá wa lóhùn ṣì ń gbọ́ wa. A ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ fún rédíò nìkan. Wákàtí kan gbáko ni wọ́n ń lò lórí fóònù báyìí, ẹsẹ̀ sì ń dùn mí síbẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́, ta lẹ̀ ń pè tí kò lè fèsì? Kí lẹ máa ń sọ fún un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ tán lẹ́nu Bàbá.