Àgbọ̀nrín Elétí Kan Àbọ̀

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta. Wákàtí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni awọ orí àgbọ̀nrín kan fi wà lórí tábìlì láìfojú kan iyọ̀. Ọwọ́ mi ni iṣẹ́ iyọ̀ wà.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ni àgbọ̀nrín náà. Ọdẹ ni. Máyìnbọnná ni wọ́n ń pè é, nítorí ó lè na ìbọn sí ẹran títí ẹran yóò fi jẹun yó. Ọdún mẹ́rin ló fi tọpa àgbọ̀nrín yìí. Ọta rẹ̀ àkọ́kọ́ gé ṣóńṣó etí òsì rẹ̀ sọnù, ẹran sá lọ. Láti ìgbà náà ló ti ń pè é ní Elétí Kan Àbọ̀, bí ẹni ń pe ọ̀rẹ́. Nígbà tó wá rí i pa, ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì, ó sì mọ̀ pé òun kò ní wọ igbó mọ́. Ó fẹ́ kí orí náà wà lára ògiri, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti máa kàn án tí ojú bá kọ̀ ọ́ tán.

Èmi ni mo ní kó gbé e wá. Mo ti gboyè ní yunifásítì, mi ò ríṣẹ́, mo wá ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ aláwọ kan tó ń fi awọ ẹran bo ère kí ó lè dà bí ẹran tó wà láàyè.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Èmi náà wà níbẹ̀."

"Ìyẹn ni mo ṣe gbé e wá."

Nínú iṣẹ́ wa, etí ló ń kọ́kọ́ jẹrà. A gbọ́dọ̀ yọ egungun rírọ̀ inú rẹ̀, ká yí i síta bí àpò, ká fi iyọ̀ ra á lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀gá ní kí n ṣe é. Mo ní mo gbọ́. Mo wo aago, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo gba ìlú kejì lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọn ò gbà mí. Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ kejì, irun àgbọ̀nrín ń bá ọwọ́ mi bọ̀ bí ìyẹ́ adìẹ tí a rì sómi gbígbóná.

Ọ̀gá ò pariwo. Ó mú awọ orí àgbọ̀nrín mìíràn jáde, èyí tí ẹni tó ni ín kò padà wá gbà.

"Etí kan gé lára ti Bàbá," ni mo wí.

"Ojú wo ni wọ́n fẹ́ fi rí i? Àbí ìwọ lo máa sọ fún wọn?"

Mi ò sọ. Abẹ wà lọ́wọ́ mi. Ká ní mo gé ṣóńṣó etí náà, irọ́ yẹn ì bá gún régé. Mo tún ṣe ọ̀lẹ nídìí irọ́.

Lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo gbé orí náà lé Bàbá lẹ́sẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀.

"Ó mà dára o," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ó rẹwà ju ẹni tó pa á lọ."

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ pa ìwo. Ìwo jẹ́ tirẹ̀, ó dá a mọ̀. Ó kan etí ọ̀tún. Ó kan ti òsì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀ bí ìgbà tó bá na ìbọn.

"Etí rẹ̀ ti hù padà."

Ó yíjú sí ọ̀dọ̀ mi.

"Ṣé òun nìyí, ọmọ mi?"

"Òun ni, Bàbá."

"Ó dáa. O ṣeun."

Ó ní kí ìyàwó òun gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò tún fọwọ́ kàn án títí ó fi kú.

Ìwọ tí orí ẹran wà lára ògiri rẹ, dìde, lọ kan etí rẹ̀. Èyí tí o bá sì tún fẹ́ gbé lọ, fi ọ̀bẹ ṣe àmì sí i lójú aláwọ, kí o dúró títí iyọ̀ yóò fi wọ etí méjèèjì. Má fọkàn tán ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún ọ pé òun wà níbẹ̀.