Pọ́ǹpù Ọkọ̀ Bàálé Mi

Ọkọ̀ náà ti gbó kí ó tó di tiwa. Òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ṣúgà ló ni ín tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló tà á fún bàálé mi, tí í ṣe ọmọ Ṣábẹ. Èmi kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Pọ́bẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ olùkọ́ ni ìjọba fi gbé mi wá. Ayé àwọn ológun ni, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà, tọmọdé tàgbà sì ń jẹ́ kámáráàdì.

Ọkọ̀ yẹn ni bàálé mi fi ń kó èrò lọ sí Kaboua àti Adido. Ó máa ń kọrin bí ó bá ń wa ọkọ̀, ohùn rẹ̀ ò dáa rárá, àwọn obìnrin tó ń gbé iṣu wá sọ́jà á sì máa bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Bí wọ́n bá ṣe ń bẹ̀ ẹ́ tó ló ṣe máa ń gbé ohùn sókè sí i.

Ẹnjìnì ọkọ̀ náà yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wà nílùú. Tiwọn ń lo kàbùrétọ̀, tó ń fa ẹ̀sáǹsì, ìyẹn epo ọkọ̀, mu díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ tó ń mu ọmú. Tiwa fẹ́ kí wọ́n fi ipá tú ẹ̀sáǹsì sí òun nínú, ìdí nìyẹn tí mẹkáníìkì fi ń pè é ní ẹnjìnì alábẹ́rẹ́. Pọ́ǹpù kan tó ń lo iná bátìrì ló ń ti ẹ̀sáǹsì náà láti inú táńkì lẹ́yìn wá síwájú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, pọ́ǹpù yìí bẹ̀rẹ̀ sí kú. Bí oòrùn bá ti mú, ọkọ̀ á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á ta pọ́nrán-ún, á dúró. Èrò á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tì í gun òkè. Obìnrin kan sọ lójú mi pé òun ò sanwó láti gbé ọkọ̀, òun sanwó kí ọkọ̀ gbé òun ni.

Ọ̀rẹ́ bàálé mi láti kékeré ni mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Ó wá pọ́ǹpù títí, ó rí méjì. Èmi àti bàálé mi jọ lọ wò wọ́n.

Ó gbé èyí tó kéré sókè. "Èyí ò wọ́n, ṣùgbọ́n ti ọkọ̀ kàbùrétọ̀ ni. Ẹnjìnì yín á mu ún, kò ní yó."

Bàálé mi ní, "Èkejì ńkọ́?"

"Ara ọkọ̀ tuntun ni wọ́n ti yọ ọ́. Ipá rẹ̀ ju ti èyí tó ń kú lọ yìí."

Èmi ni mo bi í pé, "Ṣé ipá yẹn ò ní ba ẹnjìnì tó ti darúgbó jẹ́?"

"Ìyàwó wa, ẹ̀rù ẹnjìnì kọ́ ló ń bà mí, ti rọ́bà ni. Rọ́bà tí ẹ̀sáǹsì ń gbà kọjá ti gbẹ. Bí mo bá de pọ́ǹpù yìí mọ́ ọn, ó lè bẹ́, kí ẹ̀sáǹsì dà sórí irin gbígbóná. A máa pààrọ̀ gbogbo rọ́bà pátá. Ohun kan tún wà níwájú níbẹ̀ tó ń díwọ̀n ipá, ẹ̀sáǹsì tí ẹnjìnì ò bá nílò, òun ló ń dá a padà sínú táńkì. Bí ìyẹn bá ṣì mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò séwu."

Bàálé mi ò pẹ́ kó tó dáhùn. "Dè é. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ọkọ̀ mi mọ́."

Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi láti fi kún owó rẹ̀. Mẹkáníìkì de pọ́ǹpù náà, ó pààrọ̀ rọ́bà, ó yá aago kan tí wọ́n fi ń wo ipá ẹ̀sáǹsì. Abẹ́rẹ́ aago náà gòkè, ó dúró síbi tó yẹ, kò mì. Bàálé mi wa ọkọ̀ lọ sí Kaboua lọ́sàn-án gangan, ó gun òkè láìdúró, ó padà dé, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Láti ìgbà náà, àwọn èrò á fi ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀, wọ́n á dúró de tiwa.

Bóyá ohun tó bà wá jẹ́ nìyẹn, pé gbogbo ìlú rí i.

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ ọ̀gá nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú náà ní àdúgbò wa. Irú ọkọ̀ wa gan-an lòun náà ní, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ ni. Ó wá sílé wa pẹ̀lú ṣọ́jà méjì, ó kí wa dáadáa.

"Kámáráàdì, ìlú nílò ọkọ̀ yín. A fẹ́ lọ bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ láwọn abúlé."

Bàálé mi ní, "Kámáráàdì, kí ni kí n máa fi bọ́ ilé mi?"

"Ṣé ikùn tìrẹ ló ṣáájú ti ìlú?"

Bàálé mi fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn ti ń lọ sópin kí wọ́n tó dá ọkọ̀ padà. Wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Wọ́n tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàálé mi nínú ìpàdé, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì ó kó èrò, ọkọ̀ sì kú sí ẹsẹ̀ òkè Kaboua. Wọ́n fà á wá sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, kò lè wo ojú wa.

"Ọ̀rẹ́ mi, pọ́ǹpù tí mo dè kọ́ nìyí. Ti kàbùrétọ̀ ni wọ́n fi sí i."

Ọkọ̀ ọ̀gá ìgbìmọ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń sáré kọjá níwájú ilé wa lójoojúmọ́, eruku rẹ̀ ń wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ mi.

Mo bẹ bàálé mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ bá a."

"Mo kàn fẹ́ bi í léèrè ni."

Ó lọ, kò padà. Wọ́n ní ó ba orúkọ ìjọba jẹ́, pé ọ̀tá ìlú ni. Wọ́n pe mẹkáníìkì pé kó wá sọ irú pọ́ǹpù tó dè. Ó ní òun ò rántí mọ́. Òun, tó mọ gbogbo bọ́òtù ara ọkọ̀ yẹn! Àwọn èèyàn ní kí n dárí jì í, pé ẹ̀rù ló bà á, pé ó lọ́mọ. Àwa náà lọ́mọ. Mi ò tíì rí ìdáríjì yẹn ṣe títí dòní.

Ní gbogbo àsìkò tí wọ́n fi ti bàálé mi mọ́lé, èmi ni mo ń ṣíwájú àwọn ọmọ ilé ìwé láràárọ̀, tí a ń kígbe ìyìn ìjọba tó tì í mọ́lé. Bí mi ò bá kígbe, iṣẹ́ lọ nìyẹn, oúnjẹ àwọn ọmọ sì lọ.

Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ó ti rù kan eegun, etí rẹ̀ kan ò sì gbọ́ràn mọ́. Kò sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un, mi ò sì bi í. Ó tú ọkọ̀ náà tà ní ẹyọ-ẹyọ, ó lọ dáko ní Sakin. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ìjọba yẹn lọ, òmíràn dé. Ọ̀gá ìgbìmọ̀ di àgbà ìlú, wọ́n ń fún un ní àga iwájú níbi òkú àti ìgbéyàwó. Tó bá rí bàálé mi, á ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Bàálé mi á sì dá a lóhùn. Èmi kì í dáhùn. Àwọn obìnrin ilé ọkọ mi ní ará Pọ́bẹ̀ ò lẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tí bàálé mi kú, ọkùnrin náà rán àwọn èèyàn wá pẹ̀lú ọtí àti aṣọ funfun, wọ́n ní ó bá wa kẹ́dùn. Àwọn àgbà ti ń dúpẹ́. Mo dìde láàárín wọn, mo ní kí wọ́n gbé e padà. Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n bá mi wí. Èmi fúnra mi ni mo gbé ẹrù náà jáde sí ẹnu ọ̀nà, mo gbé e kalẹ̀ sínú eruku, mo sì wọlé.