Ọ́ìlì Ọ̀kadà Ta sí Mi Lẹ́sẹ̀ Lọ́nà Òfìkì

Ẹ bá mi wo bàtà funfun tí mo wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lónìí, ó ti di dúdú!

Bàbá Rìsì ló ń fi ọ̀kadà gbé mi lọ sí Òfìkì tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta sí mi lẹ́sẹ̀. Mo ti fẹ́ jágbe, àfi bí bàbá ṣe dá ọ̀kadà dúró, tí wọ́n ń bẹ̀ mí:

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Tí ọ́ìlì bá tán, tí ẹ́ńjìnnì yìí sì nọ́ọ̀kì, tó kú pátápátá, kí ni màá máa ṣe jẹun?"

Àánú wọn ṣe mí. A jọ ti ọ̀kadà dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Wọ́ṣà, òrùka pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tú da ọ́ìlì nù, ló ti gbó. Mẹkáníìkì fi tuntun sí i, ó rọra de nọ́ọ̀tì náà, ó sì bu ọ́ìlì sí ẹ́ńjìnnì. Ó ní:

"Bàbá, tí ẹ bá ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ pààrọ̀ wọ́ṣà. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi agbára de nọ́ọ̀tì yìí, ojú ẹ̀ á bàjẹ́."

Wọ́n ta ọ̀kadà náà, ọ́ìlì kò jò mọ́. Bàbá mí kanlẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ ti yẹ abẹ́ ẹ́ńjìnnì yín wò lónìí?