Ègé Mẹ́fà Lẹ́yìn Sòkòtò Bàbá

Bàbá mi ò sanra rí. Àwọn fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí wọn ni sòkòtò aláwọ̀ eérú kan tí wọ́n ti ń wọ̀ kí wọ́n tó bí mi, tó ṣì bá wọn mu rẹ́gí. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé télọ̀ ni wọ́n.

Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù wọn. Títí dòní, bí mo bá dijú, mo ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ náà: kẹ̀kẹ̀kẹ̀, á sinmi díẹ̀, kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Ìró rẹ̀ la fi ń sùn, òun la fi ń jí. Bàbá ní tiwọn kì í sùn ju wákàtí mẹ́rin lọ. Búrẹ́dì funfun àti mínírà ni wọ́n fi ń lé oorun. Wọ́n ní ẹni tí kò rí oníbàárà ló ń ráyè sùn.

Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí kí n wá bá wọn fi òwú sójú abẹ́rẹ́.

"Bàbá àwọn ọmọ, ojú yín ńkọ́?" ni Ìyá mi bi wọ́n.

"Ojú mi dáa. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń ṣe nísinsìnyí ni kò dáa."

Ìyá mi fà wọ́n lọ sílé ìwòsàn, mo tẹ̀ lé wọn. Ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Nọ́ọ̀sì ní bí kò bá wálẹ̀, ó lè ba ojú wọn jẹ́ pátápátá.

Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n ká ẹ̀wù sókè kí òun wọn ìbàdí wọn. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Lẹ́yìn sòkòtò, níbi tí ẹ̀wù gígùn máa ń bò, ègé aṣọ mẹ́fà ló tò síbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ìbàdí sòkòtò bá fún wọn, wọ́n á tú u ní kùtùkùtù, wọ́n á fi ègé kan láti ara àjákù aṣọ oníbàárà kún un.

"Ẹ wo aṣọ olùkọ́ àgbà!" Ìyá mi ń tọ́ka. "Ẹ gbà mí, kọ́tíìnì mi tó sọnù rèé!"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín tán kó tó kọ oògùn. Ó ní ẹni tí kò sùn tó, ebi á máa pa á kọjá bó ṣe yẹ, ohun dídùn lọ́kàn rẹ̀ á sì máa fà sí. Ó tún ní àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-tín kan ń gbé inú ìfun, tí wọ́n ń ṣe wá lóore. Ẹ̀wà, ewébẹ̀ àti èso ni wọ́n fẹ́ràn.

"Mo ní ayálégbé nínú, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?"

"Ẹ tún wá ń febi pa wọ́n, Bàbá."

Láti ọjọ́ náà, agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ni ẹ̀rọ ń dákẹ́. Bàbá ń hanrun, àwa tó kù ò rí oorun sùn. Ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀rọ náà ti pọ̀ jù fún wa. Bí àwo ẹ̀wà bá dé, wọ́n á fọwọ́ gbá ikùn: "Ẹ̀yin ará ilé, oúnjẹ ti délẹ̀ o."

Ṣúgà ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ègé ń kúrò lẹ́yìn sòkòtò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọdún fi máa yípo, mo bá wọn lójú fèrèsé, wọ́n ti fi òwú sójú abẹ́rẹ́ fúnra wọn, wọn ò pe ẹnikẹ́ni. Ègé kan ṣoṣo ló kù.

"Ẹ dá kọ́tíìnì mi padà," ni Ìyá mi wí.

"Fìyẹn sílẹ̀, ìyàwó mi. Àyè àwọn ayálégbé nìyẹn."